Ẹṣin lóru nínú igbó ìjọba: okùn, omi àti ìwé

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, Jọ́jíà ni mò ń gbé, ó sì ti tó ọdún méjì tí a ti ní ẹṣin méjì. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó wọn lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó Withlacoochee ní Florida nínú oṣù Kejìlá. Ẹnì kan ní kí n kàn so wọ́n mọ́ igi. Ẹlòmíì ní kí n ra wáyà oníná tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà kékeré. Ẹnì kẹta ní bí mi ò bá ní ìwé Coggins, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, kí n má wulẹ̀ jáde nílé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?"

Ẹni kẹta sọ òótọ́. Ẹni kejì ní ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dára. Ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ má gbọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi yín ní ohun tí mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹṣin yín ti dúró sójú okùn rí láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́? Bí kò bá tíì ṣe é nílé, kò yẹ kó jẹ́ inú igbó, láàárín òkùnkùn àti òórùn ẹranko tí kò mọ̀, ni yóò ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ibi tí ẹ yàn dára. Withlacoochee lé ní éékà 150,000, ó sì pín sí apá púpọ̀ tí kò fara kan ara wọn. Apá Citrus ni mo máa ń lọ, níbi tí ibùdó Tillis Hill wà. Ilé ẹṣin wà níbẹ̀, àwọn tó mú ẹṣin dání ni wọ́n sì ṣe é fún. Ilẹ̀ yanrìn ni, igi páìnì ga lọ sókè, abẹ́ wọn sì ṣí gbayawu nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ igbó máa ń finá sun koríko abẹ́ igi lásìkò tó yẹ. Ẹ lè rí ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ẹṣin yín náà á sì rí i. Apá Croom náà ní ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ya àyè ńlá sọ́tọ̀ fún alùpùpù. Ẹ má fi ẹṣin tí kò mọ ariwo ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

* * *

Lórí ìwé, àwọn tó ka ìdáhùn mi ti ń bínú sí mi.

Ẹnì kan ní ìwé Coggins yìí, ọ̀nà àtijẹ àwọn dókítà ẹranko ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin, inú mi kì í sì í dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Àìsàn tí wọ́n fi ń wá ni equine infectious anemia. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Eṣinṣin ńlá tó ń bu ẹṣin jẹ lè mu ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀kan, kí wọ́n lé e, kó fò bà lé èkejì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yẹn lẹ́nu. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì sí àjẹsára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹṣin tó bá ti ní in, tiẹ̀ ti bá a títí ayé: kí wọ́n pa á, tàbí kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní 200 yáàdì sí gbogbo ẹṣin mìíràn títí ikú rẹ̀. Nígbà tí Leroy Coggins gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n tó lè mọ ẹṣin tó ní in kó tó dùbúlẹ̀.

Ẹlòmíì fèsì pé lóde òní, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún ẹṣin kan dé òmíràn níbi eré ìje tí kò bófin mu ló ń tan án kálẹ̀, kì í ṣe eṣinṣin. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rí láti ọdún mélòó kan wá, abẹ́rẹ́ ló fà á. Ìdí náà gan-an nìyẹn tí mo fi fẹ́ rí ìwé yín. Ẹṣin tí wọ́n so sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mi ò mọ ibi tó ti kọjá. Ẹni tó rà á lóṣù tó kọjá lè máà mọ̀ pàápàá.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Jọ́jíà, ìwé méjì ni: èsì Coggins tí kò tíì ju oṣù 12 lọ, àti ìwé dókítà ẹranko pé ara ẹṣin le, tí kò tíì ju ọjọ́ 30 lọ. Bí ẹ bá gba I-75 wọ Florida, ẹ ó bá ibùdó àyẹ̀wò àwọn elétò ọ̀gbìn pàdé. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kó ẹran ọ̀sìn ló gbọ́dọ̀ yà síbẹ̀. Ẹ má sá kọjá, wọ́n á lé yín bá. Mo máa ń tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àpótí gàárì. Ti inú fóònù náà dára, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú lẹ́nu ọ̀nà igbó, kí lẹ máa fi hàn?

* * *

Ó wá ku okùn. Ibí ni ìjà wà.

Àwọn tó ní ká so ẹṣin mọ́ igi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá àwọn ń ṣe. Ẹṣin tí a so mọ́ igi lóru yóò máa yí igi po títí okùn á fi kúrú mọ́ ọn lọ́rùn. Yóò jẹ èèpo igi, yóò fi pátákò wú gbòǹgbò síta, okùn á sì máa yọ̀ bọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ìbámu orúnkún rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá mọ́, igi ti bó, ẹṣin ò sì sinmi. Ìwà yẹn náà ló ń mú kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ ibùdó mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin.

Àwọn mìíràn ń so ó mọ́ tírélà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Mo so Arẹwà, abo ẹṣin mi, mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà, mo sì fún un ní okùn gígùn, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè na ọrùn. Mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni. Nǹkan bí aago méjì òru, irin ń ró gbì, gbì, gbì. Mo gbọ́ ọ lójú oorun, mi ò dìde. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́ ni mo tó ta jí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn ti kọjá sórí okùn, okùn ti wọnú ibi tó rọ̀ lókè pátákò, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbọ̀n. Òógùn bo ọrùn rẹ̀ bí ẹni pé òjò pa á. Kò jà mọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo fi ọ̀bẹ gé okùn náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ ọgbẹ́ yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́. Irun funfun ló hù síbẹ̀ nígbà tó jinná, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ẹ̀gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gé pátákò rẹ̀ ni mo ń rí i.

Òun ló fà á tí mo fi ń pariwo lórí gígùn okùn. Okùn gígùn kì í ṣe àánú.

Okùn òkè ni mo ń lò nísinsìnyí. Ẹ wá igi méjì tó nípọn, tó sì yè. Bẹ́líìtì fífẹ̀ ni kí ẹ fi yí igi kọ̀ọ̀kan, kí okùn má bàa gé èèpo rẹ̀. Ẹ ta okùn láti igi kan sí èkejì, kó ga ju orí ẹṣin lọ dáadáa, mítà méjì ó lé díẹ̀, kí ẹ sì fà á le títí á fi dún bí ẹ bá ta á lọ́wọ́. Ẹ so okùn ọrùn ẹṣin mọ́ ọn níbi tí kò ti ní í yọ̀ lọ sára igi, pẹ̀lú irin tó ń yí, kí okùn má bàa lọ́. Imú ẹṣin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kò gbọdọ̀ rọ̀ débi tí ẹsẹ̀ á fi kọjá sórí rẹ̀. Ẹ ta kókó tí ọwọ́ kan lè tú. Kí ọ̀bẹ wà lápò yín títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí ẹ tilẹ̀ wọ àgọ́ lọ sùn.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ pe ọ́fíìsì igbó náà. Ibùdó kan lè gba okùn òkè, òmíràn lè ní inú ilé ẹṣin nìkan ni. Bó bá jẹ́ ilé ẹṣin ni, ẹ yẹ ara ògiri wò pẹ̀lú ọwọ́ yín, ẹ wá ìṣó tó yọrí, ẹ sì kó gbogbo koríko tí ẹni tó lò ó ṣáájú fi sílẹ̀ jáde. Ẹṣin tó ń gbé nínú pápá látọmọdé lè ya wèrè láàárín ògiri mẹ́rin. Ìyẹn náà, ilé ni kí ẹ ti dán an wò.

* * *

Ẹni tó ń lo wáyà oníná ti dá mi lóhùn. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́rin tóun ti ń lò ó, ẹṣin òun ń rìn, ó ń dùbúlẹ̀, inú rẹ̀ kì í run ún, nítorí pé ẹṣin tó ń rìn ni oúnjẹ ń dà nínú rẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí rírìn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo sì gbà pé ẹṣin tó ń gbé láàárín wáyà oníná nílé, tó mọ̀ pé ó ń ta, yóò bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í bọ̀wọ̀ fún wáyà. Béárì wà ní Florida. Àgbọ̀nrín pọ̀ nínú igbó náà, wọn kì í sì í rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lóru. Ọ̀kan péré bá sáré gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti di okùn lásán nílẹ̀, ẹṣin méjì sì ti dojú kọ títì ọkọ̀. Mo ti bá wọn wá ẹṣin báyìí lóru rí, ènìyàn mẹ́fà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ń mi korobá oúnjẹ, a ń pe orúkọ. Ìdájí la rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Ọpẹ́ ni pé ojú ọ̀nà dá lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án tí ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ lo wáyà. Lóru, ẹ kó wọn sójú okùn tàbí sínú ilé. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ á fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tó máa ṣe tí àgbọ̀nrín bá dé.

* * *

Ẹnì kan yà kúrò lójú ọ̀nà, ó béèrè pé níbo ni ọmọ Yorùbá ti mọ ẹṣin débi tí a fi ń kọ́ra wa, ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó là ń fara wé. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun tó fi di ìjọba ńlá. Ohun tó sì dá ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ dúró lẹ́nu igbó kìjikìji ìhà gúúsù, yàtọ̀ sí igi tó dí, ni eṣinṣin tsetse tó ń gbé àìsàn tó ń pa ẹṣin. Pápá ló gba ẹṣin, igbó kò gbà á. Síbẹ̀, ní Ìjẹ̀bú Òde níbi tí wọ́n ti bí bàbá mi, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin jáde wá kí Awùjalẹ̀. Òkè ọya ni púpọ̀ nínú ẹṣin náà ti ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ìjánu dì mú, mo sì rántí bí ẹṣin náà ṣe mí sí mi lọ́rùn, èémí gbígbóná tó ń rùn bí àgbàdo. Láti ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ eṣinṣin kò jìnnà sí wa. Kò sí tsetse ní Florida, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn wà, àwọn náà ń gbé àrùn tó ń wọ ọpọlọ ẹṣin. Èyí tí wọ́n ń pè ní EEE ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹṣin tó bá mú, West Nile náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní àjẹsára, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní ìhà gúúsù níhìn-ín, tí òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀fọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni dókítà ẹranko tèmi ń fún Arẹwà ní ti EEE. Ẹ bi tiyín kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

* * *

Oúnjẹ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ká jẹ́ kí ẹṣin jẹ ohun tó bá rí nínú igbó, pé ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Ó ń run ẹṣin nínú! Ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, kò sí pípadà fún un. Igi maple pupa wà káàkiri níbi tí omi bá wà nínú igbó Florida, ewé rẹ̀ tó ti rọ tàbí tó gbẹ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin jẹ débi ikú. Oṣù Kejìlá tí ẹ fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ewé yẹn máa wà.

Ẹ gbé koríko gbígbẹ yín dání láti ilé, irú èyí tí wọ́n ń jẹ gan-an. Ẹṣin tó wọn 450 kílò á jẹ tó kílò 9 lójúmọ́. Ẹṣin méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di kílò 54, ẹ sì fi ti ọjọ́ kan lé e, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀, ẹṣin tó bá ń ṣa koríko lórí yanrìn á máa gbé yanrìn mì, yóò sì kó jọ sínú ìfun rẹ̀. Àwọ̀n koríko ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e kọ́ sókè, nítorí bó bá ti ṣófo, ó máa ń fà wálẹ̀, pátákò sì lè há sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń gbé yanrìn mì, ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ tútù tó bọ́ọ̀lù márùn-ún sínú ìbọ̀wọ́ ọlọ́rá gígùn tí àwọn dókítà ẹranko ń lò, ẹ da omi kún un, ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀, kí ẹ so ó kọ́ kí ìka rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yanrìn á ti rọ̀ sínú ìka. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún kírí-kírí. Mo ṣe é fún Arẹwà lẹ́ẹ̀kan, ìka méjì kún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe dókítà.

Omi ló ń ya àwọn tuntun lẹ́nu jù. Lítà 20 sí 40 ni ẹṣin kan ń mu lójúmọ́, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Omi sì wà ní ibùdó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin mọ omi ilé rẹ̀ yàtọ̀. Òmíràn á fẹnu kàn án, á gbé orí sókè, kò ní í mu ún títí di ọjọ́ kejì, nígbà náà ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi ilé dání fún ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mà á máa dà á pọ̀ mọ́ tibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Korobá tèmi ni mò ń lò, mi ò jẹ́ kí ẹṣin mi mu nínú ti ẹlòmíì, ẹni yòówù kó jẹ́. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni. Ikun imú ni mò ń sá fún.

Bí ẹṣin bá ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tí kò yàgbẹ́, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà. Nọ́ńbà dókítà tó wà nítòsí Inverness tàbí Brooksville ni kí ẹ ti kọ sílẹ̀ láti ilé.

* * *

Ìgbẹ́: ẹ ṣa á, ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ dà á sí. Ibi tí ẹṣin bá gbẹ́, ẹ dí i padà. Ìdajì wákàtí ni. Mi ò ní jà lórí ìyẹn.

* * *

Arábìnrin wa tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Ó ní àwọn ti so okùn òkè sí ẹ̀yìnkùlé fún òru mẹ́ta. Òru àkọ́kọ́, akọ ẹṣin náà gbẹ́ ilẹ̀ títí kòtò fi dé orúnkún rẹ̀, ó sì ń han títí di aago mẹ́rin; ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ tú u, obìnrin náà kò gbà. Òru kejì, ó gbẹ́ díẹ̀. Òru kẹta, nígbà tí ó yọjú lójú fèrèsé láago mẹ́ta, ẹṣin méjèèjì ti ká ẹsẹ̀ wọn sábẹ́, wọ́n dùbúlẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ó ti tó.

Ó ti tó! Inú mi dùn gan-an. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé wọ́n dùbúlẹ̀. Ẹ ṣe òru kan sí i pẹ̀lú àgọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n mọ ariwo aṣọ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ohun kan ló kù. Oṣù Kejìlá bọ́ sí àsìkò ọdẹ nínú igbó yẹn. Ẹ wo ọjọ́ tí àjọ tó ń rí sí ẹja àti ẹranko ìgbẹ́ ní Florida yọ̀ǹda fún ìbọn ní apá Citrus, bí ẹ bá sì lè sún un sí ọjọ́ tí kò sí ìbọn, ẹ sún un. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, ẹ so irú rẹ̀ mọ́ gàárì àti ìrù ẹṣin náà, nítorí àwọ̀ ẹṣin àti ti àgbọ̀nrín kò yàtọ̀ síra ní ìdájí. Ẹ so agogo kékeré mọ́ ọn. Kí ẹ má gùn ún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.